Ṣé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí màmá lára lè dínkù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún màmá mi, wọ́n ní ká wá èèyàn tó máa fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ṣé ò sí bó ṣe lè dínkù ni? – Láti Ìbarà, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ó wà o, tẹ́ ẹ bá tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yẹ PCV màmá wò báyìí, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ wọn tó, tó bá jẹ́ pé áyọ́ọ̀nù (iron), èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ló dín lára wọn, oògùn tàbí abẹ́rẹ́ áyọ́ọ̀nù lè gbé e sókè láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀dọ̀ nìkan ò lè yára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ gbogbo oògùn wọn fún dókítà, títí kan àgbo tí wọ́n ń rà ní Kútọ̀, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá aspirin tàbí clopidogrel, àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ tètè dì, dúró fúnra yín. Ní tíátà, oògùn kan wà tó ń jẹ́ tranexamic acid tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dà púpọ̀, ẹ̀rọ kan sì wà tó ń fa ẹ̀jẹ̀ tó dà, á fọ̀ ọ́, á dá a padà sí wọn lára. Ìwádìí TRICS III ti 2017, tí wọ́n ṣe lórí àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún, náà fi hàn pé kí dókítà dúró dìgbà tí hemoglobin, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ọ́síjìn, bá lọ sísàlẹ̀ 7.5 g/dL kó tó fàjẹ̀ síni lára ò léwu ju kó fà á ní 9.5 lọ. Ẹ ṣì wá àwọn tó máa fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ yẹn o, torí tẹ́jẹ̀ bá dà jù, kò sóògùn tó lè rọ́pò ẹ̀.