Ìbéèrè Yín: Páálí Wágọ̀nù Àtijọ́

Okun o, ẹ̀yin olóòtú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kó páálí wágọ̀nù kékeré HO (àwòṣe ọkọ̀ rélùwéè tí a ń tò fúnra ẹni, tí a dín kù sí ìdá kan nínú 87 ti gidi) wá láti Amẹ́ríkà fún mi. Ẹnikẹ́ni ò tíì tò wọ́n rí. Òmíràn ike ni, òmíràn igi àti irin. Sítíkà olómi inú wọn, lẹ́tà tí a ń rẹ sómi kí a tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀, ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n? (Òǹkàwé, Kàbà)

Ẹ má tíì fọwọ́ kan gúlù. Ẹ da páálí kọ̀ọ̀kan sórí aṣọ funfun, kí ẹ fi ìwé inú rẹ̀ ka gbogbo ẹ̀yà rẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n fi di ẹ̀yà pọ̀ máa ń yọ́ mọ́ ike; ẹ jù ú nù lójú ẹsẹ̀.

Ẹ yẹ irin dídà inú páálí onígi wò. Bó bá wú, tó sì sán, síńkì tí òjé dà pọ̀ mọ́ ni, ọ̀rinrin ló sì ń mú un yára bàjẹ́. Gúlù kankan ò lè wò ó sàn, ẹ wá òmíràn. Bí lẹ́búlẹ́bú funfun bá bo òjé, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, májèlé ni. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún, kí ẹ sì fọwọ́.

Sítíkà ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Bó ti pẹ́, awọ rẹ̀ ti gan. Bí ẹ bá kàn rẹ ẹ́ sómi, á fọ́ yángá. Ẹ gé lẹ́tà kan tí ẹ ò nílò, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú kan. Bí èyí bá fọ́, ẹ wọ́n fánníìṣì dídán fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ìyókù lẹ́ẹ̀mejì, kí àkọ́kọ́ gbẹ dáadáa ná. Láti ìgbà náà, ẹ gbọ́dọ̀ gé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sún mọ́ etí rẹ̀ gan-an, torí fánníìṣì ti so gbogbo rẹ̀ di awọ kan. Ti pípọ́n rẹ̀, kí ẹ tó wọ́n fánníìṣì, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì fèrèsé kí ó kọjú sí oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan, á mọ́.

Wágọ̀nù ike tó bá fúyẹ́ máa ń já bọ́ ní kọ́nà. Ìwọ̀n tí NMRA, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ rélùwéè kékeré ní Amẹ́ríkà, dábàá fún HO ni 28 gíráàmù, kí a fi 14 kún un fún íǹṣì kọ̀ọ̀kan. Wágọ̀nù oní-íǹṣì 6 á wọn 112. Òṣùwọ̀n àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà dára fún un. Bí irin pẹlẹbẹ tó ń fi ìwọ̀n kún ọkọ̀ nínú páálí Athearn, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe wágọ̀nù kékeré, bá ti dípẹtà, ẹ fi sáńdípépà fá a, ẹ kùn ún lọ́dà, kó tó wọnú ọkọ̀.

Èrò wa ni pé kí ẹ kọ́kọ́ fi oníke kọ́ṣẹ́. Onígi tó pé ṣọ̀wọ́n. Ẹ gbé e sórí àga gíga, ibi tí ikán ò ti lè dé.

Ṣé HO bá ojú irin Itakpe mu? (Òǹkàwé, Ìsánlú)

Ó bá a mu. Fífẹ̀ ojú irin Itakpe sí Ajaokuta jẹ́ 1,435 mm; bí a bá pín in sí 87, 16.5 mm ti HO ni. Ojú irin àtijọ́ Èkó sí Kánò, 1,067 mm, kéré sí i: nǹkan bí 12 mm ló máa jẹ́.