Ẹ Bi Wá: Ta Ló Ti Bi Adìẹ Náà Léèrè?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Látìgbà tá a ti sọ lóṣù tó kọjá pé ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn la máa gbọ́ lójú ewé yìí, àtẹ̀jíṣẹ́ ti ya bo fóònù wa bí ìgbà téèyàn da àgbàdo sílẹ̀ fádìẹ. Mo mú márùn-ún nínú ẹ̀. Àwọn kan bú mi pé ebi ń pa èèyàn, ẹ ń sọ̀rọ̀ ìgbádùn ewúrẹ́. Ó dáa, ẹ jókòó ná, owó tiyín náà wà níbẹ̀.

Igba léyà ni mo ní nínú kéèjì níbí, n'Ìkòròdú. Ọmọ mi tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù wá kí mi, ó rí wọn, ó ní Mọ́mì, tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni, wọ́n á ti yín mọ́lé. Ṣé òótọ́ ni àbí ó kàn ń fọ́nnu? Adìẹ tó ń jẹ, tó ń mu, tó sì ń yé, kí ló tún kù tó fẹ́? (Ìyá Ẹlẹ́yin, Ìkòròdú)

Mọ́mì, ọmọ yín ò parọ́, ó kàn fi iyọ̀ sí i ni. Lọ́dún 1999 làwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó para pọ̀ (EU) ṣòfin pé kéèjì lásán, tí ò ní ju wáyà, omi àti oúnjẹ lọ, gbọ́dọ̀ kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n fún àwọn àgbẹ̀ láyè ọdún bíi méjìlá láti palẹ̀ mọ́, ó wá di dandan ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012, Ìlú Ọba ṣì wà láàrin wọn nígbà yẹn. Kì í ṣe gbogbo kéèjì ni wọ́n fi òfin yẹn lé lọ o. Èyí tí wọ́n gbà láyè, adìẹ kan gbọ́dọ̀ ní àyè tí ò dín ní 750 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin (ẹ mú bébà A4 tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tókópì, ó fi díẹ̀ jù ú lọ, ìyẹn náà kọ́ ni mo máa pè ní pálọ̀), kó ní ìtẹ́ tó máa yé sí, igi tó máa bà lé, àti ibi tó ti lè fẹsẹ̀ tan ilẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ruth Harrison kọ ìwé ní Ìlú Ọba lọ́dún 1964 nípa bí wọ́n ṣe ń há ẹran mọ́lé bí ẹni ń to ẹ̀rọ, ariwo ta, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ dìde, Ọ̀jọ̀gbọ́n Brambell ni wọ́n fi ṣe alága. Ìgbà tó di 1965 wọ́n jábọ̀ pé ó kéré tán, kí ẹran lè dìde, kó lè dùbúlẹ̀, kó lè yíra padà, kó lè tún ara ẹ̀ ṣe, kó sì lè na apá nasẹ̀. Wọ́n tún ní káwọn èèyàn má fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ihò ẹ̀ ní igun mẹ́fà ṣe ìsàlẹ̀ kéèjì mọ́, pé ó máa dun adìẹ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á ní òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní 1973 àwọn olùwádìí méjì kan, Hughes àti Black, ní kí wọ́n bi adìẹ fúnra ẹ̀. Wọ́n tẹ́ oríṣiríṣi ilẹ̀ síbẹ̀, wọ́n tú adìẹ sílẹ̀, kó lọ dúró síbi tó wù ú. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ táwọn àgbàgbà ní kí wọ́n kó dànù yẹn gan-an ladìẹ lọ dúró lé! Ojú wáyà ẹ̀ pọ̀, ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ ró níbi púpọ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí ẹ̀. Àwọn tó jókòó yẹn fẹ́ràn adìẹ dáadáa, wọn ò kàn bi í.

Àwọn olùwádìí tó tẹ̀ lé wọn, bíi Marian Stamp Dawkins ní Oxford, wá sọ bíbi adìẹ léèrè di iṣẹ́ gidi. Ìbéèrè méjì péré ni obìnrin yẹn máa ń béèrè: ṣé ara ẹran yìí le, ṣé ó sì rí ohun tó ń fẹ́? Láti mọ bó ṣe fẹ́ nǹkan ọ̀hún tó, wọ́n á fi ilẹ̀kùn dí i, wọ́n á máa fi kún bí ilẹ̀kùn yẹn ṣe wúwo, wọ́n á wo ibi tí adìẹ á ti sọ pé ó tó. Tó bá ti ku díẹ̀ kó yé, ó máa fi àyà ti ilẹ̀kùn tó wúwo gan-an nítorí ìtẹ́, bí ẹni ebi ń pa.

Ẹ lọ sídìí kéèjì yín láàárọ̀ ọ̀la, ẹ má da oúnjẹ sílẹ̀ ná. Ẹ wo èyí tó fẹ́ yé. Á máa rìn lọ rìn bọ̀ lójú kan, á ti orí bọ àárín wáyà, á fà á padà, á tún kí i bọ ibòmíì, á máa ké ohùn gígùn kan báyìí tó yàtọ̀ sí igbe oúnjẹ, nígbà tó bá sú u á yé e sórí wáyà lójú gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀. Ẹ béèrè ohun tó tún kù tó fẹ́. Ìtẹ́ nìyẹn o.

Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ ta kéèjì lọ́la. Kéèjì ní àǹfààní tiẹ̀, ìgbẹ́ ń já sísàlẹ̀, torí náà ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ àti aràn ò fi bẹ́ẹ̀ mú wọn, ẹyin sì ń mọ́. Ṣùgbọ́n adìẹ tí ò rìn, tí ò fò, egungun ẹ̀ máa ń gbẹ, èyí tẹ́ ẹ bá sì gbé lọ́jọ́ títà tí itan ẹ̀ bá ṣẹ́ kọ́ọ́ lọ́wọ́ yín, ṣe lẹ gbé owó sọnù. Ẹ dín iye tó wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan kù. Àwọn tẹ́ ẹ máa kó tẹ̀ lé e, ẹ fi ìdajì wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ da èérún pákó láti sọ́mììlì síbẹ̀, kó máa gbẹ o, ìtẹ́ kan fún adìẹ márùn-ún, ẹ gbé igi síbẹ̀ kí wọ́n máa bà lé e lálẹ́. Kẹ́ ẹ wá kọ ìnáwó méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ewúrẹ́ mi kan wà, tí mo bá ti ilẹ̀kùn ibi tí mo ń kó èèpo iṣu sí, á lọ dúró síbẹ̀, á wo ilẹ̀kùn, á wò mí, á tún wo ilẹ̀kùn. Mo ní ó ń bẹ̀ mí ni, ìyàwó mi ní orí mi ti ń dàrú. Ẹ bá wa dá sí i. (Bàbá Ewúrẹ́, Ìkìrun)

Ẹ bá mi kí màdámú, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé orí yín pé. Àwọn olùwádìí Queen Mary University of London ti ṣe irú ẹ̀ ní Kent, níbi kan tí wọ́n ti ń tọ́jú ewúrẹ́, Buttercups lorúkọ ẹ̀. Wọ́n kọ́ ewúrẹ́ láti ṣí ìdérí àpótí kan kó jẹ ohun tó wà nínú ẹ̀, nígbà tó ti mọ̀ ọ́n ṣe tán, wọ́n dé e pa. Ewúrẹ́ ti í tì í, kò ṣí, ló bá yíjú sí ẹni tó dúró nítòsí, ó tún wo àpótí, ó tún wo èèyàn. Tí ẹni yẹn bá kọjú sí i, á wò ó dáadáa, tó bá kẹ̀yìn sí i, kò ní fi bẹ́ẹ̀ yọ ara ẹ̀ lẹ́nu. 2016 lèsì yẹn jáde. Ní 2018 ẹ̀wẹ̀ wọ́n gbé fọ́tò ẹnì kan náà kọ́ méjì, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, èkejì fajú ro, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rìn-ín làwọn ewúrẹ́ sábà máa ń kọ́kọ́ lọ.

Àgùntàn tá à ń fojú dì ńkọ́? Ní Babraham lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cambridge, Keith Kendrick àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fi hàn lọ́dún 2001 pé àgùntàn lè dá ojú àádọ́ta àgùntàn míì mọ̀, kó sì rántí ẹ̀ fún ohun tó lé lọ́dún méjì. Èmi tí mo pàdé ọmọ kíláàsì mi lọ́jà lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mi ò rántí orúkọ ẹ̀, mo dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ṣá, ẹ má wá sọ pé mo ní ewúrẹ́ ń sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ó mọ̀ pé èèyàn lè ran òun lọ́wọ́, ó sì mọ ojú tó kọ sí òun. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní kẹ́ ẹ má pa á lọ́dún, èmi náà ń jẹ ẹran.

Gbogbo ìgbà tí ọyẹ́ bá dé lewúrẹ́ ń kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ikun lójú ikun nímú, ẹnu á bó, wọ́n á máa yàgbẹ́ gbuuru, tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ kan ó ti parí. Mẹ́sàn-án ló lọ lọ́dún tó kọjá. Mo ti lo kápúsù títí. Wọ́n ní ayé ni. (Olùkàwé kan, Ìsẹ́yìn)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mẹ́sàn-án kì í ṣe kékeré. Ẹ fi ayé sílẹ̀ ná. Ohun tẹ́ ẹ júwe yìí jọ kátà ju ohunkóhun lọ, òun làwọn dókítà ẹran ń pè ní PPR, àwọn náà ló sì máa yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ni, kápúsù ò sì lè pa fáírọ́ọ̀sì, àìsàn ìgbẹ̀yìn tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró nìkan ló lè bá a dín kù. Côte d'Ivoire ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ nípa ẹ̀ lọ́dún 1942.

Ohun tó ń dùn mí nìyí: àjẹsára rẹ̀ wà, ó sì ti pẹ́. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà lára ẹran níbí, ní Nàìjíríà wa yìí, lọ́dún 1975, ni wọ́n sọ di aláìlágbára títí tó fi di àjẹsára, Nigeria 75/1 lorúkọ ẹ̀ títí dòní, òun ni wọ́n sì ń lò lọ́pọ̀ ìlú ní Áfíríkà àti Éṣíà. Ìlú ẹlòmíì ń fi orúkọ wa gba ewúrẹ́ là, ewúrẹ́ ń kú l'Ísẹ́yìn! Abẹ́rẹ́ kan máa ń tó ọdún mẹ́ta. Iléeṣẹ́ ìwádìí ẹran tó wà ní Vom, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jos, ń ṣe é níbí. Ẹ kó ara yín jọ ládùúgbò, torí ìgò kan máa ń gba ọ̀pọ̀ ẹran, tí wọ́n bá sì ti pò ó kò ṣe é tọ́jú dọjọ́ kejì, ẹ jọ dáwó kẹ́ ẹ pe dókítà ẹran kí ọyẹ́ tó dé. Ewúrẹ́ tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà, ẹ so ó lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èyí tó bá ń ṣàìsàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré gbé e lọ sọ́jà kí owó má bàa ṣòfò, bó ṣe ń dé ilé onílé nìyẹn.

Àjàkálẹ̀ àrùn màlúù tí wọ́n ń pè ní rinderpest, ọmọ ìyá kátà ni, wọ́n kéde ní 2011 pé ó ti tán pátápátá láyé. 2030 ni wọ́n fojú sí fún kátà.

Ìyá mi ní adìẹ abọ́lọ́rùn kan l'Ọ́wọ̀, kò níyẹ̀ẹ́ lọ́rùn rárá, ọrùn pupa yòò. Aládùúgbò ní adìẹ ètùtù ni, kì í ṣe adìẹ sísìn. Ṣé kí n ní kí wọ́n pa á ni?

Pa kí ni? Ẹ ní kí Màmá fún un ní àkùkọ kíá. Abọ́lọ́rùn kò ṣàìsàn, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, ìyẹ́ ara ẹ̀ fi nǹkan bíi ogún sí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti adìẹ yòókù, torí náà ooru ara ẹ̀ ń rọ́nà jáde. Nínú ooru wa yìí, adìẹ tí ooru ń pa kì í jẹun, adìẹ tí ò jẹun kì í yé. Adìẹ àṣá tí ìyẹ́ ẹ̀ ká sókè náà ní irú àǹfààní yẹn. Àwọn FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta, ti fi adìẹ ìbílẹ̀ wa ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ló bí irú adìẹ FUNAAB Alpha tẹ́ ẹ ń gbọ́ orúkọ ẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fúnmiláyọ̀ Adébám̀bọ̀ sì wà lára àwọn tó ṣáájú iṣẹ́ ọ̀hún. Kódà Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí adìẹ abúlé Áfíríkà sílẹ̀ lọ́dún 1989, ó ti di ti gbogbo ayé báyìí.

Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni lùkúlùkú, tí òyìnbó ń pè ní Newcastle. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo ra àjẹsára nílé ìtajà kan, wọ́n wé e sínú nọ́ọ̀lọ̀nù fún mi láìsí áìsì, èmi náà gbé e sínú bọ́ọ̀sì nínú oòrùn ọ̀sán, mo lọ pò ó sómi fún adìẹ pẹ̀lú ìdùnnú. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mẹ́tàdínlógún tí mo ní ku mẹ́ta, ọrùn àwọn tó kù ti lọ́ sẹ́yìn. Àjẹsára tó ti kú ni mo fún wọn mu. Torí adìẹ abúlé ni wọ́n ṣe èyí tó ń jẹ́ I-2, Australia ni wọ́n ti ṣe é, ó ń fara da ooru ju àwọn yòókù lọ (kì í ṣe pé kẹ́ ẹ wá sá a sóòrùn o), ẹ̀kán kan péré lójú kan, lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́rin mẹ́rin. Ní Vom náà ni kẹ́ ẹ ti wádìí.

Ọlọ́kadà ni mí, mo máa ń so adìẹ mẹ́wàá lẹ́sẹ̀ pọ̀, màá dorí wọn kodò sára họ́ńdù. Ẹnì kan bú mi lọ́nà pé ìkà ni mí. Ṣebí wọ́n máa ń dákẹ́ ni?

Ẹ̀rù ló ń mú wọn dákẹ́. Adìẹ ò ní awọ tó pín àyà sọ́tọ̀ kúrò lára ikùn bíi tiwa, tẹ́ ẹ bá dorí ẹ̀ kodò, ìfun máa ń wọ́ lé ibi tó fi ń mí, wọ́n sì ti yẹ ẹ̀jẹ̀ irú adìẹ bẹ́ẹ̀ wò, nǹkan tí ara máa ń tú jáde tí jìnnìjìnnì bá bá a ti pọ̀ síbẹ̀. Àwọn ìyá wa lo agọ̀. Ẹ ra ọ̀kan, ẹ dè é mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, á gbà ju mẹ́wàá lọ.