Ṣé orin rọ́ọ̀kì àtijọ́ ń padà bọ̀ lóòótọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi lókè òkun, ẹ gbà mí o. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 14, ní kí n ra gìtá oníná fún òun. Ó ní shoegaze àti nu metal, oríṣi rọ́ọ̀kì méjì, ti ń padà bọ̀. Orin ìgbà tí a wà lọ́dọ̀ọ́! Ṣé òótọ́ ni, àbí owó ló fẹ́ bá mi ná dànù?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, òótọ́ ló sọ. Ẹgbẹ́ olórin Slowdive, tó ń kọ shoegaze (rọ́ọ̀kì tí ohùn gìtá ti ń bo ohùn akọrin bí ìkùukùu), tú ká ní 1995, wọ́n tún kóra jọ ní 2014. Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí wọ́n tú ká ló ń gbọ́ wọn lórí TikTok báyìí. Linkin Park, ẹgbẹ́ tó ń kọ nu metal (rọ́ọ̀kì líle tó ní ráàpù nínú), náà padà ní 2024 pẹ̀lú akọrin tuntun, Emily Armstrong, ọdún 7 lẹ́yìn ikú akọrin wọn, Chester Bennington. Rọ́ọ̀kì onírun gígùn àti aṣọ dídán ti àwọn ọdún 1980 ni n kò rò pé ó máa padà. Èyí tó ń sọ ẹ̀dùn ọkàn ọmọ ni wọ́n ń wá.

Ọdún 2007 ni tèmi ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì My Chemical Romance ló gbòde, ọmọkùnrin mi sì ń fi gìtá tó fowó ara rẹ̀ rà kọ́ orin wọn lálaalẹ́. Lọ́jọ́ kan mo rí i tó kun èékánná ní dúdú, àyà mi já. Mo ní orin òkùnkùn ni, orin òyìnbó. Mo mú ẹ̀mú, mo gé okùn gìtá náà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lójú rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ké bó ṣe ń já. Ọmọ náà kò sunkún. Yorùbá ni mo fi bú u, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn láti ọjọ́ náà. Ó ti lé ní 30 ọdún báyìí.

Ẹ má pè mí ní ìkà. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe nígbà náà, n kò rẹ́ni bi. Ta ló máa sọ fún mi pé Sister Rosetta Tharpe, obìnrin dúdú ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ti ń fi gìtá oníná kọrin ìhìnrere kí Elvis Presley, òyìnbó tí wọ́n ń pè ní ọba rọ́ọ̀kì, tó ṣe àwo àkọ́kọ́? Orin wa ni mo gé yẹn.

Nígbà tí My Chemical Romance tún ń ṣeré kiri ní 2022, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì fún ọmọkùnrin mi. Ó dúpẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló mú lọ.

Ẹ ra gìtá náà, àlòkù ti tó. Kó kọ́kọ́ gbé e lé itan kí ẹ tó sanwó, torí òmíràn máa ń wúwo. Ti ariwo, ọ̀nà wà tí òun nìkan á fi máa gbọ́ ọ létí, ẹ bi ẹni tó ń tà á. Tó bá ń lù ú, ẹ jókòó tì í, kó fi Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ okùn kọ̀ọ̀kan fún yín.