Mo ní àgbàlá kékeré n'Ífẹ̀: irin iṣẹ́ wo ni kí n rà, ẹ̀rọ ìgékoríko wo ló sì yẹ mí?

Ìbéèrè: Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí ilé mi lọ́nà Oǹdó, n'Ílé-Ifẹ̀. Pulọ́ọ̀tì kan ni, 50 ẹsẹ̀ bàtà ní 100. Mo gbin koríko síwájú ilé, mo sì fẹ́ gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Ọmọ mi fẹ́ fi ẹ̀rọ ìgékoríko oníná ránṣẹ́ sí mi láti Amẹ́ríkà. Àwọn aládùúgbò ní kí n ra èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká. Owó mi kò pọ̀. Kí ni kí n rà tí n kò fi ní kábàámọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ilé tuntun, mà. Ilé á tura o.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ń kán mi lójú bẹ̀rẹ̀: ẹ pe ọmọ yín lónìí, kó dúró ná. Fóòtì (V) 120 ni agbára iná Amẹ́ríkà, 230 ni tiwa. Bí ẹ bá ki wáyà ẹ̀rọ wọn bọ iná ilé yín, mọ́tò rẹ̀ máa jóná. Bó bá jẹ́ oníbátìrì, ṣájà rẹ̀ ni kí ó yẹ̀ wò: àfi tí wọ́n bá kọ 100–240V sára rẹ̀ ni ẹ fi lè lò ó níbí láìsí ohun tó ń sọ iná kalẹ̀. Bátìrì pàápàá máa ń gbó lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ibo lẹ ti fẹ́ rí irú rẹ̀ rà ní Lágéré? Kí ó fi owó náà pa mọ́ fún yín.

Ẹ̀rọ kọ́ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rà rárá. Bí ẹ bá yọ ilé, ọ̀nà mọ́tò àti ibi tí ẹ fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ kúrò, koríko yín kò lè fi bẹ́ẹ̀ ju mítà 10 ní 10 lọ. Àdá, ọkọ́ àti fáìlì tí a fi ń pọ́n wọn ló ṣáájú.

Nídìí àdá, ẹ má wo ọ̀dà tí wọ́n kùn ún. Ẹ fi ìka ta ojú rẹ̀: irin tó dára á dún gooro, á sì pẹ́ kó tó dákẹ́. Ẹ tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́ nǹkan díẹ̀, ẹ wá jù ú sílẹ̀. Kó padà gún régé bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà ẹ yẹ èèkù wò. Kí irin náà gba inú èèkù kọjá dé ìdí, kí ìṣó mẹ́ta sì dè é. Irin tó kàn wọnú èèkù díẹ̀ á yọ lọ́jọ́ kan, ibi tí yóò fò sí ni n kò fẹ́ rò.

Ọkọ́ ní tirẹ̀, ẹ má rà á ní ṣọ́ọ̀bù. Ní ìlú tí Ọọ̀ni ń lọ sí Òkè Mògún lọ́dọọdún nígbà Ọlọ́jọ́, àgbẹ̀dẹ kò wọ́n wa. Ẹ béèrè lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ irú irin tó fi rọ ọ́. Bó bá ní sípíríǹ ọkọ̀ àjàgbé ni, ẹ rà á, kódà kí ó wọ́n díẹ̀ ju èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ páànù dúrọ́ọ̀mù ló fi rọ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀: ó fẹ́lẹ́, yangí ló sì pọ̀ nínú ilẹ̀ wa níhìn-ín. Ó máa ká bí ewé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ ní kó fi ẹ̀rúkọ́ tó gùn sí i fún yín. Èyí tí àwọn àgbẹ̀ wa ń lò máa ń jẹ́ kéèyàn tẹ̀ ba, ẹ ò sì ní láti fi ẹ̀yìn yín san owó ewédú.

Fáìlì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Èmi á kúkú ra àdá kan àti fáìlì kan ju kí n ra àdá méjì lọ. Réèkì àti agolo ìbomirin, èyí tí ẹ bá rí náà ti tó. Ṣọ́bìrì àti bárò, ẹ yá a lọ́wọ́ aládùúgbò tó bá ń kọ́lé.

Ó wá ku ẹ̀rọ. Èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, igbó ni wọ́n ṣe é fún. Ó wúwo, ó ń gbọn ọwọ́ jìgìjìgì, ó ń ju òkúta, kì í sì í jẹ́ kí koríko dọ́gba. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ńṣe là ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù fún: bí wọ́n bá kọ 50:1 sí ìdérí táǹkì, mílílítà 20 fún lítà kan; bó bá jẹ́ 25:1, mílílítà 40. Bẹntiróòlù lásán ló ń pa wọ́n. Ẹ má ra èyí, mà. Ẹ máa háyà ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní i fún etí gọ́tà.

Èyí tí kò lo epo rárá wà, tí abẹ rẹ̀ ń yí bí ẹ ṣe ń tì í. Irú rẹ̀ ni Edwin Budding kọ́kọ́ ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1830, látara ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rẹ́ ojú aṣọ. Bí ẹ bá rí tòkunbọ̀ rẹ̀ tí abẹ rẹ̀ ṣì mú, tí ẹ sì lè máa gé koríko lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà òjò, ẹ mú un. Ṣùgbọ́n tí koríko bá ti ga, apá rẹ̀ kì í ká a.

Bí ẹ kò bá rí i, ẹ ra oníbẹntiróòlù onítáyà mẹ́rin tí à ń tì, tó ní ojú ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí ibi tó ń gé fẹ̀ tó 40 sí 46 sẹ̀ǹtímítà. Èyí tó ń fa ara rẹ̀ kò pọn dandan fún ilẹ̀ kékeré bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ́kọ́ lọ bá mẹkáníìkì tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ládùúgbò yín, kí ẹ bi í léèrè irú èyí tó ń rí páàtì rẹ̀ rà: abẹ, kábúrétọ̀, fílítà, okùn tí wọ́n fi ń fà á. Ohun tó bá dárúkọ ni kí ẹ lọ rà. Mo ti ra ọ̀kan rí tó pupa dẹ̀ẹ̀, tó ń dán, lọ́wọ́ oníṣòwò kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta abẹ rẹ̀ kọlu kùkùté kòkó, ó sì tẹ̀. Mo wá abẹ tó bá ihò rẹ̀ mu n'Ífẹ̀, mo wá a dé Iléṣà, mo dé Ìbàdàn, n kò rí i. Owó oníbàárà tí mo ń bá ra ẹ̀rọ ni mo fi rà á, ó ṣì ń dùn mí.

Oko kòkó ni púpọ̀ nínú àdúgbò tuntun wa tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n hú kùkùté, kí wọ́n sì ṣa yangí kúrò kí ẹ̀rọ kankan tó tẹ ilẹ̀ náà. Kùkùté kan ṣoṣo lè tẹ irin tó gbé abẹ dúró nínú ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá ń gé e, ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga koríko lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan abẹ láì kọ́kọ́ yọ wáyà orí plọ́ọ̀gì.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń ba ẹ̀rọ jẹ́ jù níhìn-ín. Láti Oṣù Kọkànlá títí di Oṣù Kẹta ni ẹ̀rọ máa ń wà nílẹ̀ láìṣiṣẹ́, bẹntiróòlù inú rẹ̀ á sì dì mọ́ kábúrétọ̀ bí oje igi. Ẹ fa epo náà jáde, ẹ tan án kó lo ìyókù tán, kí ẹ tó bò ó. Ìgbà yẹn gan-an ni mo máa ń ra ẹ̀rọ fún àwọn oníbàárà mi, torí àwọn tó ń tà á máa ń gbọ́ ìdúnàádúrà nígbà tí koríko kò hù. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó fi owó ránṣẹ́ ní Oṣù Kejìlá, kí ẹ sì fi àdá àti fáìlì bẹ̀rẹ̀ ní báyìí.