Wọ́n ní Helheim ni mo ti wá, ṣé kí n san £120 kí wọ́n fi gbé mi kúrò níbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 29 ni mí, Manchester ni mò ń gbé, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru. Mo pàdé ọkùnrin kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa ń wo "ayé ìbí" fún èèyàn, ti àwọn Odin àti Thor yẹn, àwọn òrìṣà ayé àtijọ́ lápá àríwá Yúróòpù. Mo fi ọjọ́ ìbí mi àti £35 ránṣẹ́ sí i, òun náà fi àtẹ kan ránṣẹ́ padà, igi ńlá kan tí ayé mẹ́sàn-án wà lára ẹ̀, Asgard, ilé àwọn òrìṣà, lókè, Helheim, ilé àwọn òkú, nísàlẹ̀ pátápátá. Ó ní Helheim yẹn ni mo ti wá, pé òun ni ò jẹ́ kí nǹkan mi tẹ̀ síwájú, òun náà ni ò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Ó ní kí n mú £120 wá kóun fi gbé mi kọjá sí Vanaheim. Ṣé kí n san án? Mo fi àtẹ náà sí i, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó bóyá ó péye.

ÌDÁHÙN

Má san kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ń kánjú nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á lè máa lọ, ìdáhùn ti parí, àwa yòókù ẹ jẹ́ ká jókòó torí inú ń bí mi.

Àbúrò mi, ìwọ lẹni karùn-ún tó máa fi irú àtẹ yìí ránṣẹ́ sí mi lọ́dún yìí nìkan. Ibi tí wọ́n ní kálukú ti wá ò jọra, wọ́n ní Niflheim ni ìkan ti wá, wọ́n ní Jotunheim ni ti ìkejì, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n sọ fún pé Asgard ló ti wá kó tó sanwó ẹ̀ẹ̀kejì. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ewì àti ìtàn Áísílándì àtijọ́, ó sì ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Kò síbi tí wọ́n ti ń fi ọjọ́ ìbí wá ayé téèyàn ti wá nínú gbogbo ẹ̀. Ìyẹn gan-an ò tiẹ̀ dùn mí tó ti àtẹ yẹn, torí àwọn tí ò gba awòràwọ̀ gbọ́ rárá pàápàá gba àtẹ gbọ́.

O ní kí n wò ó bóyá ó péye. Kí nǹkan tó péye, ó gbọ́dọ̀ ní ojúlówó tá a máa fi wé e, àtẹ ayé mẹ́sàn-án ò sì ní ojúlówó. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tá a mọ̀ nípa àwọn òrìṣà yẹn, inú ìwé méjì ló ti wá, Áísílándì ni wọ́n sì ti kọ méjèèjì. Ìkan jẹ́ àkójọ ewì tó ti wà lẹ́nu àwọn èèyàn tipẹ́, wọ́n wá dà á kọ sórí awọ ẹran ní nǹkan bí ọdún 1270. Ìkejì, Snorri Sturluson ló kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 1220, olóṣèlú ni, akéwì ni, Kristẹni sì ni, nítorí pé láti nǹkan bí ọdún 1000 ni Áísílándì ti gba ẹ̀sìn Kristẹni. Edda là ń pe méjèèjì. Mú wọn, kà wọ́n láti òkè délẹ̀, o ò ní rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti to ayé mẹ́sàn-án sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Iye yẹn wà níbẹ̀ o, mi ò ní kò sí. Obìnrin aríran tó sọ̀rọ̀ nínú Völuspá, ìkan nínú àwọn ewì yẹn, ní òun rántí ayé mẹ́sàn-án, ó sọ ọ́, ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Òmìrán kan tó ń jẹ́ Vafþrúðnir fọ́nnu lójú Odin pé òun ti dé ayé mẹ́sàn-án, títí dé Niflhel nísàlẹ̀. Snorri náà sọ pé nígbà tí Odin ju Hel, obìnrin tó ń jọba lórí àwọn òkú, sí Niflheim, ó fún un láṣẹ lórí ayé mẹ́sàn-án, èyí tó tiẹ̀ tún da ọ̀rọ̀ rú sí i, ṣé gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni àbí mẹ́sàn-án mìíràn tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún?

Ṣùgbọ́n èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Alvíss. Aràrá ni, irú àwọn tó máa ń rọ irin lábẹ́ ilẹ̀, ó lọ fẹ́ ọmọbìnrin Thor nígbà tí Thor ò sí nílé. Thor dé, ó ní kò sí ìyàwó fún un àfi tó bá lè dáhùn ìbéèrè òun. Alvíss ní kò burú, òun ti rin ayé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán já. Ó yẹ kí Thor ní "ó dáa, dárúkọ wọn," ká ní ó ṣe bẹ́ẹ̀ ni, èmi ì bá má kọ lẹ́tà yìí. Kò béèrè o! Ohun tó béèrè, mẹ́tàlá ni wọ́n, kí ni wọ́n ń pe ilẹ̀ ní ayé kọ̀ọ̀kan, kí ni wọ́n ń pe òṣùpá, kí ni wọ́n ń pe ọtí. Orúkọ mẹ́fà mẹ́fà ni Alvíss ń dá lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ó ní mẹ́sàn-án lòun rìn. Ó ní àwọn iwin ń pe òṣùpá ní òǹkà ọdún, àwọn tó wà ní Hel, ibùgbé àwọn òkú tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú obìnrin yẹn, ń pè é ní kẹ̀kẹ́ tó ń yí. Ó ń dáhùn, ó ń dùn mọ́ ọn, kò mọ̀ pé ṣe ni Thor ń fi ọ̀rọ̀ dá òun dúró di àárọ̀. Oòrùn yọ sí i lórí, oòrùn sì rèé, èèwọ̀ aràrá ni. Ibẹ̀ ni ewì parí sí. Ẹni kan ṣoṣo tó jọ pé ó mọ orúkọ wọn tán rèé, ojú mọ́ bá a níbi tí kò yẹ.

Nígbà tí kò wá sí àtẹ, àwọn èèyàn ìgbẹ̀yìn ló kó orúkọ jọ níbi tí wọ́n ti rí i. Wọ́n rí Vanaheim nínú ewì kan, wọ́n rí Alfheim nínú òmíràn, wọ́n fi ti Snorri kún un. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé tó o bá kó gbogbo orúkọ ibi tó jọ ayé jọ, wọ́n ju mẹ́sàn-án lọ. Bó ṣe di pé àwọn kan yọ Nidavellir nìyẹn, àwọn kan ní ìkan náà ni pẹ̀lú Svartalfheim, àwọn kan pa Niflheim àti Hel pọ̀. Tiẹ̀ yẹn ńkọ́? Mo ka àtẹ tó o fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo tún pe ìyàwó mi kó wá bá mi kà á. Mẹ́wàá ni. Wọ́n kọ mẹ́sàn-án gàdàgbà sókè, orúkọ mẹ́wàá ló wà lábẹ́ ẹ̀, o sì san £35!

Àwòrán igi tí wọ́n fi ayé kọ́ sí bí ìgbà tí wọ́n sá aṣọ, tuntun ni ìyẹn náà. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tó ṣáájú, Oluf Bagge, ará Dẹ́ńmáàkì, ló yà á, inú ìwé kan tó jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1847 ló wà. Igi fúnra ẹ̀, Yggdrasil, wà nínú ewì, ó ní gbòǹgbò mẹ́ta, ejò Níðhöggr ń gé e jẹ nísàlẹ̀, àgbọ̀nrín mẹ́rin ń jẹ ewé ẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ Ratatoskr sì ń sáré lọ sáré bọ̀ láàárín ẹyẹ idì tó wà lókè àti ejò ìsàlẹ̀, ó ń bá wọn gbé ọ̀rọ̀, olófòófó pọ́ńbélé. Ṣùgbọ́n ibi tí gbòǹgbò mẹ́ta yẹn dé, ìwé méjèèjì ò gbà fúnra wọn. Ewì ní Hel wà lábẹ́ ìkan, òmìrán wà lábẹ́ ìkan, èèyàn bíi tiwa wà lábẹ́ ìkẹta. Snorri ní ọ̀dọ̀ àwọn òrìṣà ni ìkan lọ, kò dárúkọ èèyàn rárá. Ọkùnrin kan náà yìí sì tún kọ ọ́ sínú ìwé mìíràn pé ìlú kan ní Éṣíà ni Asgard, lápá ìlà-oòrùn odò Don. Ṣé ẹ wá rí i? Bó bá jẹ́ pé Snorri fúnra ẹ̀ ò lè jókòó sójú kan lórí ibi tí Asgard wà, ta ni ará íntánẹ́ẹ̀tì tó wá ń fi rúlà fa ìlà sí i.

Fíìmù tún ti bà á jẹ́ sí i, ó ti sọ ayé wọ̀nyí di ìràwọ̀ àti plánẹ́ẹ̀tì. Heimr lédè wọn, ilé ni, ibùgbé ni. Garðr, ọgbà ni, Midgard tá à ń gbé yìí jẹ́ ọgbà àárín, irun ìpéǹpéjú òmìrán Ymir ni wọ́n fi ṣe é káwọn òmìrán má bàa ráyè wọlé. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn dé àwọn ibẹ̀. Ewì kan wà tí Thor ti ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn, ó gbé agbọ̀n oúnjẹ pọ̀n, ẹja àti ọkà òótì ló jẹ, ó dé etí omi, ó ń bẹ ọlọ́kọ̀ kó tu òun sọdá, ọlọ́kọ̀ kọ̀ ó ń bú u. (Odin ló para dà, ṣùgbọ́n ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.)

Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́sàn-án? Torí pé mẹ́sàn-án ni iye tó kún lójú wọn. Alẹ́ mẹ́sàn-án ni Odin fi so rọ̀ lórí igi, ìyá mẹ́sàn-án ló bí òrìṣà Heimdall, ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án ni Thor máa gbé lẹ́yìn tó bá pa ejò ńlá kóun náà tó ṣubú. Àwa náà ń sọ pé igba irúnmọlẹ̀ ojùkọ̀tún, igba irúnmọlẹ̀ ojùkòsì, ta ló ti jókòó rí kó ní òun fẹ́ ka orúkọ wọn pé kí òun rí igba?

Ó ku Helheim tó ń dẹ́rù bà ọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ Helheim nínú Edda méjèèjì. Hel ni wọ́n ń pe ibẹ̀, Hel náà lorúkọ obìnrin tó ń jọba níbẹ̀. Ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀run àpáàdì tí pásítọ̀ ń sọ, Snorri ní àwọn tí àìsàn tàbí ọjọ́ ogbó pa ló ń lọ síbẹ̀, ìyẹn ni pé àwọn arúgbó tó ò ń tọ́jú lálaalẹ́, ọ̀nà ibẹ̀ ni wọ́n ì bá gbà, láìṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Baldr, ọmọ Odin tí gbogbo òrìṣà fẹ́ràn jù, ibẹ̀ ló lọ. Arákùnrin ẹ̀ Hermóðr gun ẹṣin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ Odin fún alẹ́ mẹ́sàn-án lọ bẹ̀bẹ̀ fún un, Hel ní tí gbogbo nǹkan tó wà láyé bá sunkún òun á dá a sílẹ̀. Òkúta sunkún, irin sunkún, obìnrin òmìrán kan nínú ihò àpáta ní òun ò sun, Baldr sì dúró síbẹ̀. Odin ò rí ọmọ bíbí inú ẹ̀ gbà kúrò ní Hel o, tòun ti gbogbo agbára ẹ̀. Ẹnì kan wá ní òun á gbà ọ́ kúrò níbẹ̀ ní £120, Vanaheim ló sì ń gbé ọ lọ, ibi tí ewì ò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan nípa ẹ̀ ju pé ibẹ̀ ni òrìṣà Njörðr ti wá, ibẹ̀ náà ló sì máa padà sí.

Àwọn tó ń bọ àwọn òrìṣà yìí lóde òní wà, wọ́n ti ní ẹgbẹ́ tiwọn ní Áísílándì láti ọdún 1972, kì í ṣe àwọn ni mò ń bá wí.

Ní ti £35 tó ti lọ, tíṣà lítíréṣọ̀ ni mí, mi ò kì í ṣe lọ́yà, mi ò lè ṣèlérí pé wàá rí i gbà padà, ṣùgbọ́n pe báǹkì ẹ lónìí kó o ṣàlàyé fún wọn, má sì pa ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ sọ rẹ́ kúrò lórí fóònù. Ti oorun, mi ò kì í ṣe dókítà náà, àmọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru tí kò rí oorun ọ̀sán sùn, dókítà ló yẹ kó gbọ́ ọ, sọ fún un pé iṣẹ́ òru lò ń ṣe kó o tó sọ ohunkóhun mìíràn. Má dá ọkùnrin yẹn lóhùn mọ́. Tí ọwọ́ bá wá ń yún ọ ju bó ṣe yẹ, béèrè lọ́wọ́ ẹ̀, èwo nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yẹn ni kì í ṣe ayé, kó o wá dí i lójú ọ̀nà.