Ṣé yìnyín ṣì máa ń wà lórí òkè Alps nígbà Ọdún Àjíǹde?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́ sà, èmi àti bàálé mi pẹ̀lú àwọn ọmọ wa méjì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án àti méjìlá, ń gbèrò láti lọ ṣe síkì, ìyẹn eré fífi pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí a dè mọ́ ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, ní Val Thorens lórí òkè Alps ní ilẹ̀ Faransé nígbà ìsinmi Ọdún Àjíǹde. Ẹnì kan nínú ìjọ wa sọ pé yìnyín á ti yọ́ tán nígbà náà, àti pé èrò á pọ̀ débi pé orí ìlà la ó ti lo ọjọ́ wa. A kò ṣe síkì rí. Ṣé ká lọ, àbí ká fi í sílẹ̀? (Ìyá ọlọ́mọ méjì, Gwarinpa, Abuja)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè, mà. Ẹ lè lọ, bí ọ̀rọ̀ ìlera tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ kò bá dí yín lọ́wọ́. Ohun tí ará ìjọ yín sọ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n òkè ju òkè lọ. Ooru máa ń dín kù ní nǹkan bíi digírì mẹ́fà ààbọ̀ fún 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá gùn sókè, ìdí sì nìyẹn tí ara fi máa ń tu àwọn ará Jos, tí ìlú wọn ga tó nǹkan bíi 1,200 mítà, nígbà tí àwa ní Abuja ń làágùn. Val Thorens fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó Jos lọ́nà méjì: abúlé náà fúnra rẹ̀ wà ní 2,300 mítà, àwọn ọkọ̀ tí wáyà ń fà sì ń gbé ènìyàn kọjá 3,000 mítà. Wọ́n máa ń ṣí i láti ìparí oṣù Kọkànlá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, nítorí náà, bí Ọdún Àjíǹde tilẹ̀ bọ́ sí àárín oṣù Kẹrin, ẹ ó bá yìnyín níbẹ̀. Méribel tó wà nítòsí rẹ̀ kò ga ju nǹkan bíi 1,450 mítà lọ, ìsàlẹ̀ òkè ibẹ̀ sì lè ti di ẹrẹ̀ lásìkò kan náà.

Gíga yìí kan náà ló mú ọ̀rọ̀ kan wá tí àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kì í sábà sọ fún wa. Afẹ́fẹ́ òkè fẹ́lẹ́, ọ́síjìn tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ sì máa ń dín kù. Ẹni tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ bá jẹ́ SS tàbí SC lè bọ́ sínú ìrora líle níbẹ̀, kódà a ti rí lára àwọn tó jẹ́ AS, tí ara wọn le koko nílé, tí ìrora ńlá mú lábẹ́ ìhà òsì lórí òkè nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò ráyè dé ẹ̀yà ara tó wà níbẹ̀. Kí ẹ tó san owó kankan, ẹ mọ jẹ́nótáìpù gbogbo yín, títí kan ti àwọn ọmọ, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà tó mọ̀ nípa àrùn ẹ̀jẹ̀ gbọ́ iye mítà tí ẹ fẹ́ gùn. Bí ó bá ní kí ẹ má lọ, mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ tirẹ̀.

Ní ti yìnyín ìgbà ìrúwé, kì í ṣe nǹkan kan náà láti àárọ̀ dalẹ́. Oòrùn ọ̀sán á yọ́ ọ, òtútù òru á sì tún un dì. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ó máa ń le bí omi dídì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ jáde nínú fírísà. Etí irin síkì kì í fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe á sì máa ṣubú gbì. Láti nǹkan bí aago mẹ́wàá, ojú rẹ̀ á rọ̀, á di hóró-hóró bí iyọ̀ tí a kò lọ̀ kúnná, èyí sì ni àwọn tó mọ síkì ń dúró dè, nítorí pé ó ń gba ẹsẹ̀ dáadáa, kò sì le mọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, á ti dà bí ògì tí omi pọ̀ nínú rẹ̀, á wúwo, á máa di ẹsẹ̀ mú, orúnkún ló sì sábà máa ń jẹ ìyà rẹ̀. Ọ̀sán yìí náà ni yìnyín tó ti mu omi yó lè ya lulẹ̀ láti orí òkè, nítorí náà ẹ má ṣe kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n fi òpó sàmì sí, bí ẹ tilẹ̀ rí ipa ẹsẹ̀ àwọn ẹlòmíràn níta.

Ẹ máa wo ojú ọ̀run lóru. Bí ìràwọ̀ bá hàn kedere, ooru á fò lọ sókè, yìnyín á sì dì dáadáa, gẹ́gẹ́ bí òtútù ti máa ń mú wa lóru ọyẹ́ tí kò sí ìkùukùu. Ṣùgbọ́n bí ìkùukùu bá bò ó mọ́jú, yìnyín náà kò ní dì tó, ẹrẹ̀ á sì tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òkè tó kọjú sí ìlà oòrùn ló máa ń kọ́kọ́ rọ̀, ti gúúsù á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ti ìwọ̀ oòrùn, èyí tó kọjú sí àríwá sì lè wà ní líle títí di ọ̀sán. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé oòrùn yíká òkè báyìí á gbádùn fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ní ti èrò, ìṣirò wákàtí yìí kan náà ló máa gbà yín. Ìlà máa ń gùn jù láàárín aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ààbọ̀ nísàlẹ̀ òkè, níbi tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ síkì ti ń kó àwọn ọmọ wọn jọ. Ṣùgbọ́n láàárín aago méjìlá sí méjì, àwọn ará Faransé á jókòó ti oúnjẹ, wọn kì í sì í kánjú jẹun, ìlà á wá fúyẹ́ lákòókò tí yìnyín ṣì dára. Ẹ jẹun ní aago mọ́kànlá, kí ẹ sì ṣe síkì nígbà tí àwọn ń jẹun. Oṣù Kejì ni èrò Faransé máa ń pọ̀ jù lọ. Ní ìgbà ìrúwé, agbègbè mẹ́ta ni wọ́n pín ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ wọn sí, ọjọ́ tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ kò sì dọ́gba, àmọ́ àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tún máa ń bá wọn níbẹ̀ nígbà Ọdún Àjíǹde. Ọjọ́ Sátidé ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń pààrọ̀ àlejò, gbogbo ojú ọ̀nà láti Moûtiers, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè, sókè á sì dí fọ́fọ́, nítorí náà bí ẹ bá rí ilé tó gba Sunday sí Sunday, ẹ má ṣe jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ má sì gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní oòrùn kì í jó awọ dúdú. Yìnyín tuntun lè dá tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán oòrùn tó ń jó awọ padà sí ojú ènìyàn, ó sì lè mú kí ojú máa ta gan-an fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ìpara ààbò oòrùn àti jígí ojú tó nípọn ṣe pàtàkì, ti àwọn ọmọ gan-an.

Físà Schengen, èyí tí ẹ ó fi wọ ilẹ̀ Faransé, ń béèrè ìbánigbófò tí kò dín ní 30,000 Yúrò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ka síkì mọ́ ohun tí wọ́n á sanwó lé. Ìdílé kan tí mo bá ṣètò ìrìn àjò ra ti ilé iṣẹ́ kan láìka ìwé náà tán, ọmọ wọn ṣẹ́ lọ́wọ́, àpò ara wọn ni wọ́n sì ti san owó àwọn tó gbé e sọ̀ kalẹ̀ àti ti ilé ìwòsàn. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ síkì àti ìgbàlà lórí òkè sínú ìwé yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ní 2027, Ọdún Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 28, oṣù Kẹta. Ní 2028, ó di ọjọ́ 16, oṣù Kẹrin. Nítorí pé ẹ jẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti 2027 ni èmi yóò mú, torí pé ọ̀sán rẹ̀ kò ní tíì gbóná tó ti ọdún kejì. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé físà, èyí tó túmọ̀ sí pé láti ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2026 ni ẹ ti lè gbé ìwé yín lọ.