Kì í ṣe gbogbo ikọ́ ni omi

Ẹ kú wàhálà màmá o. Ẹ ní wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ torí kíndìnrín wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, ikọ́ wọn sì ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Pé omi ni wọ́n ní ó wà lẹ́dọ̀fóró wọn, àmọ́ tí ẹ̀rọ bá fa omi náà tán, ikọ́ ò lọ. Ọ̀rọ̀ yín jọ tèmi débi pé mo gbé aṣọ oníbàárà sílẹ̀ kí n lè dá yín lóhùn: ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìyẹn TB, ni tèmi já sí.

Èmi gan-an ni mò ń dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ìfọ̀ẹ̀jẹ̀ yẹn. Télọ̀ ni mí, Òkè-Fíà níbí l'Óṣogbo ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló yẹ kí n máa fọ̀, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, ṣùgbọ́n owó ò jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń ṣe. Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, èmi àti àwọn nọ́ọ̀sì la jọ gbà pé omi ni. Wọn ò kúkú purọ́. Ẹni tí ò bá fọ̀ tó, omi á kún un lẹ́dọ̀fóró, kò ní lè sùn gbalaja.

Òṣùwọ̀n ló tàn wá jẹ. Kílò 61 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó yẹ kí n wà tí omi bá ti kúrò lára mi, mo sì ń dé 61 yẹn ní gbogbo ìgbà. Bẹ́ẹ̀ sòkòtò mi ń já bọ́. Èmi tí mò ń ránṣọ fáráyé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dín ìbàdí sòkòtò ara mi kù láàárín oṣù méjì, mi ò sì fura. Ẹran ara ló ń lọ, omi ló ń gba ipò rẹ̀. Òṣùwọ̀n ò mọ ìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́, ara á gbóná díẹ̀. Lóru, òógùn á bò mí tí ìyàwó mi á fi máa pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Mo lo oògùn ibà, mo lo antibayọ́tíìkì oríṣi méjì. Ẹ̀gbọ́n mi kan tiẹ̀ ra àgbo wá láti Ọjà Ọba. Ọpẹ́ ni pé mi ò mu ún, kíndìnrín wo ló fẹ́ bá mi sẹ́ ẹ?

Dókítà kan tó wá dúró fún ẹni tó lọ sí ìsinmi ló bi mí pé, "Sà, ṣé wọ́n ti yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín wò rí?" Wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò rí. Mo hú u sínú ike kékeré láàárọ̀, wọ́n fi í sínú ẹ̀rọ GeneXpert tó ń wá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ló bá di ikọ́ ẹ̀gbẹ. Dókítà náà ní ẹ̀gbin tí kíndìnrín ò kó jáde mọ́ ló ń sọ agbára tí ara fi ń bá àìsàn jà di ahẹrẹpẹ, kòkòrò tó ti lè sùn sára èèyàn láti ọjọ́ pípẹ́ á wá rí àyè jí. Abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ tí wọ́n tún gún mi láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, kò wú rárá, bí ẹni pé kò sí ikọ́ ẹ̀gbẹ lára mi. Ẹ má jẹ́ kí irú ìyẹn fi ọkàn yín balẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀, oṣù mẹ́fà gbáko. Ṣùgbọ́n ẹ lajú níbi yìí! Hóró tí wọ́n po oògùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sí ni wọ́n fẹ́ kó fún mi bíi ti gbogbo èèyàn. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ pe dókítà kíndìnrín mi. Fún àwa tí à ń fọ ẹ̀jẹ̀, pyrazinamide àti ethambutol, méjì nínú oògùn mẹ́rin náà, kì í ṣe tojoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni. Lọ́jọ́ ìfọ̀, ẹ̀yìn ìfọ̀ la máa ń lò wọ́n, kí ẹ̀rọ má baà fọ̀ wọ́n dànù. Ethambutol tó bá kó jọ sára lè ba ojú jẹ́. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni mo fi ń yẹ tèmi wò láràárọ̀: ṣé mo ṣì lè ki òwú bọ̀ ọ́, ṣé òwú pupa ṣì yàtọ̀ sí aláwọ̀ ewé?

Ẹ ní kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ màmá wò lọ́la. Ẹ fi ìbòmú sí wọn nímú kí wọ́n tó wọ yàrá ìfọ̀, torí àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yòókù náà ò lágbára. Kẹ́ ẹ sì bi wọ́n bóyá búbà wọn ti ń ṣò.